Nílé Ìpọntí Wa, Ẹni Tó Dé Kẹ́yìn Ló Ń Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Ní ìjọ wa ní Ajax, lọ́jọ́ Sátidé kan tí yìnyín bo gbogbo ọ̀nà, wọ́n ní kí àwa àgbà wá sọ iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ èyí tí wọ́n máa yàn. Nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì mìíràn tẹ̀ lé e, bàbá kan tó ń wa tírélà sọ tirẹ̀, nọ́ọ̀sì mìíràn tún dìde. Àwọn ọmọ ti ń tẹ fóònù. Nígbà tó kàn mí, mo gba gbohùngbohùn, mo ní, "Èmi Mórẹ́nikẹ́ tí ẹ ń wò yìí, ọtí ni mo fi ohun tó lé ní ogún ọdún pọn ní Toronto." Pásítọ̀ wúkọ́. Àwọn ọmọ gbé ojú kúrò lórí fóònù.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fún mi, wọ́n sì fi orin gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi kí n tó débi tó dùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ṣíìfù nílé ìkẹ́rùsí ní Bramalea, tí ẹ ń ro ohun tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọmọ tèmi ní, "Mummy, just give me the summary." Kò sí summary.

Mi ò ní fi bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà dá yín dúró. Ọ̀rẹ́ mi kan gbọ́ pé ilé kan ń wá ẹni tí yóò máa fọ àgbá. Mo ní ṣé àgbá omi ni, ó ní àgbá ọtí ni. Mo ní ṣé owó wà níbẹ̀, ó ní kò pọ̀. Mo lọ. Owó náà kò sì pọ̀ lóòótọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ilé ìpọntí náà wà ní ìwọ̀ oòrùn Toronto, lẹ́bàá ojú irin, ilé bíríkì kúkúrú kan tí ẹ lè kọjá lára rẹ̀ láì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ni ín, Bàbá Jọ́rísì, ará Bẹ́ljíọ̀mù ni. Bàbá tó bí bàbá wọn pọn ọtí, bàbá wọn náà pọn ọn, nígbà tí àwọn náà sì ń bọ̀ ní Kánádà, wọ́n gbé abọ́ bàbà ńlá ilé wọn dání. Àlìkámà àti ọkà bálì tí wọ́n ti mú hù ni a ń sè, pẹ̀lú òdòdó kíkorò kan tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀pù. Ìgbà òtútù nìkan la ń sè é. Bí ó bá hó tán, a ó dà á sínú abọ́ bàbà yẹn lábẹ́ òrùlé, abọ́ tó fẹ̀ bíi yàrá, tí kò sì jìn ju orúnkún lọ. A ó wá ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. A kì í fi ìwúkàrà kankan sí i. Afẹ́fẹ́ ni yóò gbé ohun tó máa mú un ru wá. Lẹ́yìn náà ó di inú àgbá igi, ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta.

Nígbà tí Bàbá ṣàlàyé èyí fún mi, wọ́n ń wojú mi bóyá ẹnu á yà mí, nítorí ẹnu máa ń ya àwọn òyìnbó tó bá wá wo ibẹ̀. Mo ní, "Sir, adẹ́mu ni bàbá mi ní Ìlá. Ta ló ń fi ìwúkàrà sí ẹmu?" Mo sọ fún wọn pé láàárọ̀ ẹmu á dùn bí oyin, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á ti kan, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bàbá fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n ń bi mí léèrè ẹmu títí oúnjẹ ọ̀sán wọn fi tutù. Mo rò pé a ti di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Àṣé mi ò tíì rí nǹkan kan.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo wọ yàrá àgbá, mo rí jàǹkárìwọ̀ láti òpó dé òpó. Ìyá mi kò tọ́ mi dàgbà sínú jàǹkárìwọ̀. Mo so ìgbálẹ̀ mọ́ igi gígùn, mo gbé e sókè. Igbe tí mo gbọ́ lẹ́yìn, mo rò pé ilé ń jó. "Àwọn òṣìṣẹ́ mi nìyẹn!" ni Bàbá ń pariwo, wọ́n sì ja igi gbà lọ́wọ́ mi. Aláǹtakùn ni wọ́n ń pè ní òṣìṣẹ́. Wọ́n ní kantíkantí máa ń tẹ̀ lé ọtí, aláǹtakùn ló sì ń jẹ kantíkantí. Bí mo bá lé aláǹtakùn lọ, kantíkantí á dé ẹnu àgbá, ọtí á di fínígà. Ìgbálẹ̀ mi ò tíì kan ẹyọ kan o, ṣùgbọ́n gbogbo àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo fi bẹ̀bẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi fọ àgbá kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọtí. A ó da omi gbígbóná sínú àgbá, a ó ju ẹ̀wọ̀n irin sí i, a ó máa yí i nílẹ̀ títí apá á fi fẹ́ já. Bàbá á wá ki imú bọ ẹnu àgbá. Bí imú wọn ò bá gbà á, wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn fi ẹsẹ̀ ti àgbá náà padà sọ́dọ̀ mi. Mo bú wọn ní Yorùbá, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní kí ni mo sọ, mo ní àdúrà ni.

Ohun tó le jù kọ́ nìyẹn. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, gbogbo wa á jókòó yí tábìlì ká, Bàbá á fa ọtí díẹ̀díẹ̀ láti inú àgbá kọ̀ọ̀kan, a ó tọ́ ọ wò. Òfin kan wà níbẹ̀: ẹni tó dé ẹnu iṣẹ́ kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Bàbá ni yóò sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n ní bí ọ̀gá bá kọ́kọ́ lanu, gbogbo ẹnu tó kù á di ẹnu ọ̀gá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ tiwọn, ọ̀rọ̀ parí: a ó dá a sí, tàbí a ó dà á nù.

Ẹ wá wo ọmọ Yorùbá tí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ ṣáájú àgbà. Nígbà àkọ́kọ́, mo tọ́ ọ wò, mo ní, "It's fine, sir." Bàbá gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, wọ́n da ọtí náà sílẹ̀. Wọ́n ní "fine" kì í ṣe adùn, kì í ṣe kíkan, kì í ṣe òórùn. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì mi ò tó o. Wọ́n ní, "Ṣé Gẹ̀ẹ́sì lo fi ń jẹun nílé yín ni? Sọ ọ́ ní tìẹ."

Inú bí mi, mo sì sọ ọ́ ní tèmi. Mo ní ọlọ́dún kan yìí kan bí omi ògì, ó sì ń rùn bíi pákó tútù. Ọlọ́dún méjì jọ àgbálùmọ̀ tí kò pọ́n, ó ń lẹ̀ mọ́ni létè. Ọlọ́dún mẹ́ta, ìyeyè ló kọ́kọ́ dé ẹnu mi, lẹ́yìn rẹ̀ ni gàárì ẹṣin tó ti lágùn, lẹ́yìn náà ni ohun kan bí ẹ̀pà sísun tó pẹ́ lọ́fun. Mo wá túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀. Bàbá di ojú. Wọ́n ní kí n tún ìyeyè pè. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọtí àtijọ́ kan bá dára, Bàbá á gbé e sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyeyè," wọ́n á sì mi orí bí ẹni tó ti jẹ ẹ́ rí.

Ẹ máa bi mí bóyá a kì í yó. Ẹnu la fi ń tọ́ ọ wò, a sì ń tu ú sínú garawa. Àwọn tó ń wá rà á ló ń yó. Èyí tí a dà pọ̀, ti àtijọ́ mọ́ tuntun, tó tún lọ ru nínú ìgò títí kọ́ọ̀kì rẹ̀ fi ń fò bí ìbọn, òun ni ọtí gidi. Èyí tí a fi èso ṣẹ́rì sí máa ń pọ́n bíi sóbò, òun ni wọ́n ń béèrè jù. Èmi ò kà á sí ọtí, bí ìgbà tí wọ́n bá fi ṣúgà sí ẹmu ni.

Nǹkan ń yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ọwọ́ la fi ń ti kọ́ọ̀kì bọ ìgò nígbà tí mo dé, ẹ̀rọ gbà á ṣe. Lísbẹ́tì, ọmọ Bàbá, jáde ilé ìwé, ó wá ń mójú tó owó àti títa, ó sì ra àgbá irin tó ń sọ bí inú rẹ̀ ṣe gbóná sí fún un lórí fóònù. Bàbá ní irin kì í mí. Àwọn méjèèjì jà sí i fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ilé gogoro tí wọ́n ń pè ní kọ́ńdò yí wa ká, ọ̀kan lọ́tùn-ún, méjì lósì, àwọn tó kọ́ wọn sì ń pe Lísbẹ́tì lórí fóònù pé ṣé kò fẹ́ ta ilé yìí. Bàbá ní níwọ̀n ìgbà tí imú òun bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta ilé. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

Àìsàn tó ti gbogbo ayé mọ́lé wá dé. Ó mú Bàbá, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n rù díẹ̀, a yọ̀. Ọjọ́bọ̀ wa tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ irú fún yín. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé ẹ̀fọ́ onírú lọ síbi iṣẹ́, tí mo bá ti gbé e sínú maikirowéèfù, Bàbá á yọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Nikẹ́, kí ló kú síbí?" wọ́n á sì ṣí fèrèsé gbayawu, òtútù tàbí oòrùn. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í ṣe é. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn àìsàn yẹn, mo ń gbé ẹ̀fọ́ mi gbóná, èéfín rẹ̀ kún gbogbo yàrá. Bàbá wọlé, wọ́n jókòó kò mí lójú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìnyín. Mo ṣí ìdérí abọ́ síwájú wọn. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ yìnyín. Mo ní, "Bàbá, láti ìgbà wo?"

Wọ́n wo abọ́ náà, wọ́n mọ ohun tó tú àṣírí wọn. Wọ́n ní láti ìgbà àìsàn náà ni, àwọn ò gbóòórùn ohunkóhun mọ́, dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Wọ́n ní, "Má sọ fún Lísbẹ́tì. Ó máa ta ilé." Mo wá rí i pé òfin Ọjọ́bọ̀ ló ń bò wọ́n láṣìírí: gbogbo wa la ti máa ń sọ̀rọ̀ tán kí ó tó kàn wọ́n, èmi tí mo pẹ́ jù níbẹ̀ ni mo sì ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ ṣáájú wọn. Ohun tí mo bá sọ ni wọ́n ń gùn lé. Mo gbà láti pa á mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi wí, kó wá. Òtítọ́ ni mo ń sọ lórí tábìlì yẹn, mi ò sì rí ìdí tí mo fi máa tú àgbà síhòòhò.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún nǹkan bí ọdún kan. Ìyá mi wá kú ní Ìlá, mo lọ sin ín, mo sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tí mo padà dé, ìbọ̀sẹ̀ tí mo wọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi nígbà tí agogo ilẹ̀kùn dún. Ràfíù ni. Ràfíù ló dé kẹ́yìn sẹ́nu iṣẹ́ wa, ọkùnrin onílé, oníyàwó, tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, tí kì í fi ọtí kan ẹnu. Imú nìkan ló ń fi bá wa ṣe Ọjọ́bọ̀, ó sì ní imú. Ó gbé ọsàn dání, ó dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi.

"Mummy, ẹ kú àjò, ẹ kú ìnáwó màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Lísbẹ́tì. Ó fẹ́ lé mi tomorrow."

Mo ní kó dìde, kó jókòó, kó sọ ohun tó ṣe.

Ó ní nígbà tí mo lọ, Bàbá da àwọn àgbá tó dára jù lọ pọ̀, ọtí gbogbo ọdún yẹn, nítorí àwọn oníbàárà ti ń béèrè. Àgbá kejì lẹ́bàá ògiri ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti wá di fínígà báyìí, Lísbẹ́tì sì ní Ràfíù ni kò fọ àgbá dáadáa.

"Ṣé o fọ̀ ọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́, wallahi. Àgbá yẹn ló jò lẹ́nu, afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀."

"Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i ńkọ́? O ò gbóòórùn ẹ̀?"

Ó tẹ orí ba. "Mummy, I smelled it. Fínígà pátápátá, ó ń ta mí lójú. Àmọ́ kì í ṣe Ọjọ́bọ̀, èmi àti Bàbá nìkan la wà níbẹ̀, Bàbá fúnra wọn gbé e símú, wọ́n ní it's beautiful. Èmi tí mo dé lánàá, ṣé kí n wá sọ pé àgbà ń parọ́ ni? Mo ní, 'Yes sir, beautiful.'"

Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò lè bínú sí i. Ilé kan náà la ti wá. Òyìnbó á ti sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ló gbé gbogbo ọtí ọdún kan lọ sínú kòtò.

Mi ò sùn dáadáa. Bí mo bá dákẹ́, Ràfíù á pàdánù iṣẹ́ lórí ohun tí kò ṣe. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Bàbá bọ́ síta gbangba nìyẹn, Lísbẹ́tì á sì ta ilé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ni mo ń sọ fún ara mi. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ láti Ajax. Mo bá Bàbá nínú yàrá àgbá, àwa méjì péré. Wọ́n kí mi kú ará fẹ́ra kù. Mo dúpẹ́, mo sì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú oríkèé ríro.

Mo ní, "Bàbá, tó bá di aago mẹ́wàá, wọ́n á lé Ràfíù. Yálà kí ẹ sọ ọ́, tàbí kí n sọ ọ́. Tiyín ló wù mí."

Wọ́n ní kí n dìde. Ojú wọn pọ́n.

Aago mẹ́wàá lù. A jókòó. Ọtí tó bàjẹ́ náà wà nínú kọ́ọ̀bù níwájú kálukú. Lísbẹ́tì ní kí Ràfíù bẹ̀rẹ̀. Ràfíù gbé kọ́ọ̀bù sókè. Bàbá na ọwọ́, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu kọ́ọ̀bù náà.

"Èmi ni mo kéré jù níbí lónìí," ni wọ́n wí. "Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Wọ́n gbé tiwọn símú, wọ́n fà á, wọ́n gbé e sílẹ̀. "Mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Ó ti lé ní ọdún kan. Èmi ni mo yan àgbá yẹn, orí ni mo fi yàn án, mo rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin yìí kò ṣe nǹkan kan."

Lísbẹ́tì ní, "Pápà." Ó wò mí, ó rí i pé mo ti mọ̀, ó sì gbé ojú kúrò. Ràfíù ń wo tábìlì. Lísbẹ́tì ní ta ni yóò wá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn báyìí. Bàbá fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi.

Mo tọ́ ọ wò. Ó gé mi lọ́fun. Mo mọ̀ pé gbogbo òógùn ọdún yẹn ló wà nínú kọ́ọ̀bù náà, mo sì mọ̀ pé a lè tà á fún àwọn tí kò mọ̀. Mo ní, "Ẹ dà á nù." A dà á nù. Bàbá fọwọ́ ara wọn ṣí ẹnu àgbá, wọ́n dúró tì í títí ó fi ṣàn tán. Mo sunkún, mi ò tijú ẹnikẹ́ni.

Lísbẹ́tì kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, mi ò sì bẹ̀ ẹ́. Kò ta ilé. Àyè ibi ìgbọ́kọ̀sí ẹ̀yìn ló tà fún àwọn oníkọ́ńdò. Ràfíù ṣì wà níbẹ̀, ó ti ń sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi ni mo jókòó sí àyè Bàbá títí oríkèé mi fi ní ó tó.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, kó ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba iṣẹ́, ẹ wo ọ̀gá tó máa kọ́ yín, kí ẹ wò ó bóyá ó lè gbọ́ òótọ́ lẹ́nu yín. Owó oṣù á tẹ̀ lé e tàbí kó má tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ọtí tí èmi nìkan dà pọ̀ pé, mo gbé ìgò kan lọ sí Newmarket, níbi tí Bàbá ń gbé lọ́dọ̀ Lísbẹ́tì. Imú wọn kò padà mọ́. Ahọ́n ṣì ń mọ kíkan àti kíkorò, ìyókù ti lọ. Lísbẹ́tì gbé kọ́ọ̀bù wá, ó sì jókòó tì wá. Bàbá fi ọtí sẹ́nu, wọ́n di ojú, wọ́n ní kí n máa sọ. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò túmọ̀ ohunkóhun, wọn ò sì béèrè ìtumọ̀.

Wọ́n la ojú. Wọ́n ní, "Nikẹ́, ṣé ó dára?" Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọn ò bi mí ní irú rẹ̀ rí.

Mo ní, "Ó dára, Bàbá, àmọ́ ó ku díẹ̀. Àgbá ẹ̀bá ilẹ̀kùn yẹn, ó yẹ kí n fi sílẹ̀ fún ọdún kan sí i."

Bàbá gbá itan wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Gbogbo àwọn tó ń wá kí mi, ohun gbogbo ló dára lójú wọn. Ṣé o gbọ́ tirẹ̀?" Wọ́n sì na kọ́ọ̀bù sí mi pé kí n da díẹ̀ sí i.